Aṣọ Pupa Lọ́rùn Rọ́bà Katakátá

Nílé wa, ohunkóhun tó bá jẹ́ méjì tó sì jọra, ìbejì ni Yèyé kà á sí. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìbejì ni bàbá mi. Òun ni Kẹ́hìndé, Táyé ti padà síbi tó ti wá kí wọ́n tó já wọn lẹ́nu ọmú. Láti ìgbà náà ni Yèyé ti ń tọ́jú ẹnìkan bí ẹni méjì. Tó bá bu ẹran fún bàbá mi, ẹyọ méjì ni, bí wọ́n tilẹ̀ kéré bí èékánná; tó bá ra fìlà fún un lọ́jà, méjì ni, àwọ̀ kan náà. Ìjọ tí à ń lọ kò fẹ́ ère, Yèyé sì ti ṣèrìbọmi, nítorí náà kò gbẹ́ ère fún Táyé, ṣùgbọ́n ó ní àlùfáà kò sọ ohunkóhun nípa ẹran àti fìlà. Bí bàtà rẹ̀ kan bá já, méjèèjì ló ń gbé lọ fún aránbàtà pé kó rán méjèèjì, kí èyí tí kò já má baà bínú. Bàbá mi kò bá a jiyàn rí. Ó ń jẹ ẹran méjèèjì, ó ń dé fìlà kan lónìí, èkejì lọ́la. Àwa ọmọ pàápàá kò rí nǹkan àjèjì nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo délé ọkọ ni mo tó mọ̀ pé wọ́n lè fún èèyàn ní ẹran kan ṣoṣo kó sì dúpẹ́.

Ìlú Ọ̀sì ni ilé wa wà, ní agbo ilé tó kángun sí ọ̀nà Ìlọfà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìgbálẹ̀ ìyá mi ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni agogo àdúrà, lẹ́yìn agogo ni àwọn adìyẹ á bọ́ sílẹ̀ láti orí igi ọsàn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ohùn kan ti dín nínú wọn: a kò gbọ́ kí bàbá mi máa pọ́n ọkọ́ lórí òkúta mọ́. Ó já láti orí ọ̀pẹ, èjìká ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀. Àwọn tó ń to eegun tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n apá náà kò gòkè ju igbáàyà lọ, apá tí kò bá sì gòkè, báwo ni yóò ṣe sọ ọkọ́ sílẹ̀? Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi àdí pa á láràárọ̀. Mò ń pa á, bàbá mi ń wo ọ̀nà oko, oko rẹ̀ ní Ẹ̀yìn-Àpáta sì ń di igbó. Ìbátan wa kan wà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, Bàbá Dúró là ń pè é, ọkùnrin tó ní àwọn ọmọkùnrin géńdé, tó sì ní ewúrẹ́ ju iye èyí tó lè so mọ́lẹ̀ lọ. Ó lọ bá Baálé, àgbà ẹbí wa, ó ní, "Bàbá, ulẹ̀ éè ṣe aṣọ tí wọ́n ń ká pamọ́ sínú àpótí. Ẹ jẹ́ kí n máa ro Ẹ̀yìn-Àpáta." Òótọ́ ni, kò purọ́, ìyẹn gan-an ló dun bàbá mi jù.

Baálé rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í kọ́kọ́ pa Baálé lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló dájọ́ níṣojú gbogbo ilé. "Ulẹ̀ tí Kẹ́hìndé bá ti yí kí Ọdún Àjíǹde tó dé, kó gbìn ín. Èyí tí éè bá tíì yí, kí Bàbá Dúró gbìn ín." Gbogbo èèyàn ní ọ̀rọ̀ náà dára. Nígbà tí a délé, bàbá mi sọ fún ìyá mi pé bí Ẹ̀yìn-Àpáta bá bọ́ lọ́wọ́ òun, ìlú kòkó lọ́nà Oǹdó lòun ń lọ, òun á lọ máa ṣọ́ oko olóko, iṣẹ́ ọdẹ kò béèrè apá méjì. Mo gbọ́ ọ. Mo mọ àwọn tó ti lọ sí ìlú kòkó láti àdúgbò wa. Àwọn kan ń wálé fún ìsìnkú, àwọn kan wálé fún ìsìnkú ara wọn. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdí pa èjìká náà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àdí ìyá mi sì tán.

Ohun tó wá fún wa nírètí ni katakátá. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àwọn ìlú tó yí wa ká ló jọ ń lò ó, ó ń ti ìlú kan dé èkejì, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde gan-an ló kan Ọ̀sì. Àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, ni wọ́n fún bàbá mi, òun ló kángun. Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, Kòrò ni katakátá ń lọ. Nítorí pé àgbàlá wa fẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e sí lálaalẹ́, ọ̀dọ̀ wa náà ni dírẹ́bà ń sùn. Sàláwù lorúkọ rẹ̀, ará Ìlọrin, mùsùlùmí tó ń kí wa kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún ju bí àwa tí a ni ọdún ṣe ń kí ara wa lọ. Iyán ìyá mi àti ọbẹ̀ olú mú un láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní òun á fẹ́ ìyàwó ní Ọ̀sì. Eéwo kan ló bà á nínú jẹ́. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ló yọ sí, ó wú bí ẹyin ẹyẹlé, kò jẹ́ kó yí ọrùn rárá. Bí o bá pè é láti ẹ̀yìn, odindi ara rẹ̀ ni yóò kó yí padà, ẹsẹ̀, ikùn àti gbogbo rẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí. Yèyé ń lọ ewé fún un, ó ń fi ọwọ́ tútù lé e mọ́ ọn lọ́rùn, Sàláwù ń ké "Wàláì, Ìyá, ẹ rọra!"

Irin ìtúlẹ̀ tí katakátá náà ń fà lẹ́yìn ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó ní àwọn irin pẹrẹsẹ tó tò sábẹ́ rẹ̀ bí àwo. Òróró ló ń gbé e sókè, òróró ló ń sọ ọ́ sílẹ̀. Inú rọ́bà dúdú méjì ni òróró náà ń gbà: ọ̀kan ń gbé e, èkejì ń sọ ọ́. Ìsàlẹ̀ wọn wọ inú irin kan lọ pọ̀ tí ojú kò fi rí ibi tí kálukú wọn gbà, ṣùgbọ́n òkè wọn là ń so mọ́ ìdí katakátá láràárọ̀, là ń tú lálaalẹ́, nítorí pé ní ìrọ̀lẹ́ Sàláwù á fi katakátá fa ọkọ̀ ẹrù lọ kó iṣu fún àwọn èèyàn. Bó ṣe ń so rọ́bà náà, mo fẹ́ràn àtimáa wò ó ju ìsìn lọ. Á pa ẹ́ńjìnnì. Á mi ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ ìjókòó rẹ̀, èyí tó fi ń darí irin ìtúlẹ̀, síwá sẹ́yìn, ó ní kí òróró inú rẹ̀ lè mí kanlẹ̀, nítorí òróró tí inú ń bí kì í gba àlejò. Á fi aṣọ mímọ́ nu ẹnu rọ́bà, á nu ẹnu ihò. Á fa òrùka irin sẹ́yìn, á ti rọ́bà wọlé, á fi òrùka sílẹ̀, a ó sì gbọ́ "kọ́!" Àwa ọmọdé á pariwo. Rọ́bà méjèèjì jọra bí omi méjì, àfi pé aṣọ pupa kan wà lọ́rùn ọ̀kan. Ẹni tó kọ́ Sàláwù níṣẹ́ ló so ó: èyí tó wọṣọ, ihò ọ̀tún, èyí tó wà níhòòhò, ihò òsì. Ohun tí Sàláwù mọ̀ nìyẹn, kò sì nílò àtimọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, Sàláwù fa ọkọ̀ ẹrù lọ, irin ìtúlẹ̀ jókòó sí àgbàlá, rọ́bà méjèèjì gbórí lé e. Yèyé gbé àpótí síta, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí i tó ń wò wọ́n. Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀, ó tún wò wọ́n. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó bí wọn éè láànú lójú. Ọmọ méjì, ọ̀kan wọṣọ, èkejì wà níhòòhò, òtútù í pa á." Mo ní, "Yèyé, rọ́bà ni." Ó ní òun kò béèrè. Ó dìde, ó tú aṣọ pupa náà, ó rí i pé ó dọ̀tí, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí odó. Nígbà tó gbẹ, ó ya á sí méjì ọgbọọgba, ó tilẹ̀ fi ìka wọ̀n ọ́n, ó so ìlàjì mọ́ ọrùn ọ̀kan, ìlàjì mọ́ ọrùn èkejì. Ó fi òrí díẹ̀ pa wọ́n lára. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì ṣa ẹ̀wà rẹ̀ tán.

Ní àárọ̀ Sátidé bàbá mi kò lè jẹun. Ó ti lọ sí Ẹ̀yìn-Àpáta kí agogo tó lù, ó ní òun á dúró níbẹ̀ láti fi ààlà han Sàláwù. Gbogbo agbo ilé ló jáde wá wo bí katakátá ṣe ń gbéra. Sàláwù pa ẹ́ńjìnnì, ó mi ọ̀pá, ó mú aṣọ mímọ́, ó na ọwọ́ sí rọ́bà, ó dúró. Ó kó gbogbo ara rẹ̀ yí sọ́dọ̀ wa.

"Ta ló so èkejì yìí?"

"Èmi ni," ni Yèyé wí. "O ṣé tí o béèrè. Ẹ̀yin ará Ìlọrin éè mọ ọmọ tọ́jú."

"Ìyá, rọ́bà ni o!"

"Mi ò fọ́jú, Sàláwù. Mo mọ̀ pé rọ́bà ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Yèyé wò ó bí ẹni pé ó bú òun. "Kí n fi ọ̀kan hàn ọ́, kí lèkejì ó wí?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, nítorí ọmọ yín. Ẹ rántí Ẹ̀yìn-Àpáta." Ojú Yèyé rọ̀. Ó wo rọ́bà títí, ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó fọwọ́ kan èkejì. Ó sọ òótọ́: aṣọ kan náà lòun ya sí méjì, òun kò sì ṣàmì sí ọ̀kan, nítorí ìyá kì í ṣàmì sí ọ̀kan. Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lágbàlá. Ìyàwó ilé kan ní èyí tó gùn díẹ̀ ni. Òmíràn ní kò sí èyí tó gùn. Ọkùnrin kan tí kò wa ohunkóhun rí ju kẹ̀kẹ́ lọ ní kí wọ́n gbọ́ òórùn wọn. Oòrùn ń gòkè. Níkẹyìn Yèyé fúnra rẹ̀ ló la ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Èyí tí ọwọ́ rẹ bá kọ́kọ́ bà, Táyé nìyẹn, òun ló kọ́kọ́ í tọ́ ayé wò. Àbúrò ni. Fi í sí òsì. Èyí tó bá kẹ́yìn ni Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n ni, òun ló ni ọ̀tún." Sàláwù gan-an fi orí tí kò lè yí gbà á, ó dijú, ó na ọwọ́. Kọ́. Kọ́.

Ẹ má rò pé kò dán an wò. Ó jókòó, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó mi ọ̀pá síwá, ó mì í sẹ́yìn. Irin ìtúlẹ̀ gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè, ó tún sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wa hó yèè. Ó gbọ́ ìhó wa, ó ní a kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí à ń wo irin, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ọ̀pá kọjú sí, Sàláwù tó sì mọ ibi tí ọ̀pá kọjú sí kò lè yí ọrùn wo irin. Ó fa ọ̀pá síbi tó yẹ kó gbé irin sókè, ó kọrí sọ́nà oko. Ni àwọn irin pẹrẹsẹ náà bá wọlẹ̀ gbùn-ún ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé wa.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, mi ò tíì rí èyí tó tún tó o. Katakátá ń lọ, ọ̀nà ń yí dojú délẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ń là sọ́tùn-ún sósì, àwọn ẹyẹ lékeléke ti ń sọ̀kalẹ̀ wá ṣa kòkòrò láàárín ìlú. A sáré tẹ̀ lé e, à ń ké pé "Dúró! Dúró!" Sàláwù rò pé ayọ̀ ọdún ni, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń kí wa. Ó la iwájú ilé Bàbá Dúró kọjá. Ó la iwájú ilé Baálé kọjá, Baálé tó jókòó lórí àga rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè kí ebè náà lè ráyè gba ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń kérora. Sàláwù sọ lẹ́yìn náà pé òun rò pé òkè ìlú wa ló fà á. Bó ṣe dé Ẹ̀yìn-Àpáta, ó ti ọ̀pá sísàlẹ̀, irin ìtúlẹ̀ gbéra sókè fẹ́fẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀sọ̀ rin oko náà láti ààlà dé ààlà, ó wà lójú ìlà gbọọrọ, kò sì tú ewé koríko kan. Bàbá mi ń ju apá kan tó dára fún un. Sàláwù ju apá padà.

Ìgbà tí bàbá mi dúró sí iwájú katakátá ni Sàláwù tó tẹ̀ ẹ́ dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó rí irin lókè, ó rí ilẹ̀ bó ṣe wà. Ó wo oòrùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí. Jìnnìjìnnì bò ó, ó sì gbàgbé ohun tó ń ṣe láràárọ̀. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Kò mi ọ̀pá. Ó di òrùka rọ́bà mú, ó fà á pẹ̀lú agbára. Òróró tí inú ń bí fò jáde láti ìdí katakátá, ó ga bí ọ̀pẹ kékeré, ó wẹ Sàláwù, ó wẹ bàbá mi, kò sì dúró àyàfi ìgbà tó tán pátápátá. Irin ìtúlẹ̀ há sókè níbẹ̀, kò gòkè mọ́, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ sí Kòrò, tó gbé ẹsẹ̀ sókè bí adìyẹ tó ń ronú. Bàbá mi jókòó sínú koríko, òróró ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó bú ẹnìkan. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àti títí dòní, tí mo bá gbóòórùn òróró ẹ́ńjìnnì níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, òun ni mo máa ń rí nínú koríko náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gbogbo ẹbí pé sí iwájú Baálé, àwa ní ìhà kan ebè, Bàbá Dúró àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìhà kejì. Baálé ti rẹ́rìn-ín títí ó ti rẹ̀ ẹ́, omi ṣì wà lójú rẹ̀. Bàbá Dúró ní Àjíǹde di ọ̀la, kò sì sí ẹni tó yí Ẹ̀yìn-Àpáta. Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Yèyé ní òun lòun fà á, kí wọ́n fìyà jẹ òun. Kò sí ẹni tó mọ ìyà tó tọ́ sí i. Baálé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹyin lohùn. Mi éè lè kó o padà. Mo ní èyí tí Kẹ́hìndé éè bá yí, kí Bàbá Dúró gbìn ín. Bàbá Dúró, Ẹ̀yìn-Àpáta di tìrẹ." Ìyá mi fi ìborùn bo ojú. Baálé kò tíì parí. Ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sí ebè tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo tún ní ulẹ̀ tí Kẹ́hìndé bá yí, kó gbìn ín. Ta ló yí èyí?" Ó yí ọ̀pá náà sọ́dọ̀ bàbá mi. "Kẹ́hìndé, ọ̀nà di tìrẹ títí wàá fi kórè."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí kò dé ojú ni. Ó ní òun kì í ṣe wèrè tí yóò máa ro ojú ọ̀nà. Òjò dé lọ́jọ́ Àjíǹde, kété tí a jáde nínú ìsìn. Yèyé kò bọ́ aṣọ ìjọ, ó kó àgbàdo sínú igbá, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa, èmi àti ìyá mi sì tẹ̀ lé e. A gbin ọ̀nà náà láti ilé wa dé ilé Baálé, a kọjá, à ń lọ. Àwọn tó ń ti ìjọ bọ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, wọ́n ń kí wa kú iṣẹ́ oko láàárín ìlú. Bàbá mi jókòó sílé, kò wo òde.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ Oǹdó ń bọ̀, àgbàdo ti yọ orí. Ìyá mi gún iyán láàárọ̀ kùtù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹni tó ń jẹ iyán lákòókò yẹn nílé wa. Mo rò pé ariwo odó ló fẹ́. Yèyé ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bàbá mi sọ fún mi pé kí n máa gbọ́ ti ìyá mi, ó kọ́ àpò rẹ̀ sí èjìká tó dára, ó jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo náà ló lọ sí ibi tí ọkọ̀ ń dúró. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, èmi ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lókèèrè, mi ò jẹ́ kó rí mi. Níwájú ilé Bàbá Dúró, àwọn ewúrẹ́ ti wọ inú ebè, wọ́n ń já àwọn ewé tútù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi wò wọ́n, ó kọjá. Ó rìn díẹ̀. Ó dúró. Ó sọ àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fi ọwọ́ òsì mú òkò, ó sọ ọ́, kò bà wọ́n. Ó sọ òmíràn. Ó wá ké, ohùn tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tó ti já lórí ọ̀pẹ.

"Bàbá Dúró! Ẹ wá so ewúrẹ́ yín! Inú oko mi ni wọ́n wà!"

Ọkọ̀ fun fèrè níwájú, ó fun ún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ. Bàbá mi kò gbórí sókè. Ewúrẹ́ mìíràn ti wọlé nítòsí ilé Baálé, ó ń sáré lọ síbẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọ̀, tó ṣì ń lé ewúrẹ́, ìyá mi ní kí n lọ gbé àpò náà wálé. Mo ká aṣọ ṣe òṣùká, nítorí mo rò pé ẹni tó ń lọ fún ọdún gbọọrọ á ti di ẹrù púpọ̀. Mi ò lò ó. Ẹ̀wù kan péré ló wà nínú àpò náà, bí ẹrù ẹni tó ń padà bọ̀ lọ́la.